Àdán Láàrin Eku àti Ẹyẹ: Obìnrin Dúdú ní Iléeṣẹ́ Ńlá Amẹ́ríkà

Bí a bá ní kí eku lọ sí apá kan, kí ẹyẹ lọ sí apá kejì, níbo ni àdán yóò dúró sí? Ó ní eyín bí eku, ó sì ń fò bí ẹyẹ. Bí eku bá ń pín ogún, wọn a ní ẹyẹ ni. Bí ẹyẹ bá ń pín tiwọn, wọn a ní eku ni. Irú ipò yìí ni obìnrin dúdú bá ara rẹ̀ ní àwọn iléeṣẹ́ ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ní ọdún 1964, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ìlú. Òfin yìí kà á léèwọ̀ fún agbanisíṣẹ́ láti fi iṣẹ́ du ẹnikẹ́ni nítorí àwọ̀ rẹ̀, tàbí nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan tí a dá ní 1976 fi ibi tí ó ti ń jò hàn. Obìnrin dúdú márùn-ún ni ó pe General Motors, iléeṣẹ́ tí ń ṣe mọ́tò, lẹ́jọ́ ní St. Louis. Nígbà tí ọjà kò yá mọ́, iléeṣẹ́ náà ń dá òṣìṣẹ́ dúró: ẹni tí ó dé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ní ojú lásán, ìlànà yìí kò ṣègbè. Ṣùgbọ́n ta ni ó dé kẹ́yìn? Àwọn obìnrin dúdú ni, nítorí pé kí 1964 tó dé, agbára káká ni a fi ń rí ọ̀kan nínú wọn níbẹ̀. A ti ìlẹ̀kùn mọ́ ènìyàn síta, a sì tún ń bá a wí pé ó pẹ́ kí ó tó wọlé.

Kí ni ilé-ẹjọ́ wí? Ó ní iléeṣẹ́ náà ti ń gba obìnrin síṣẹ́ tipẹ́, bẹ́ẹ̀ obìnrin funfun ni àwọn wọ̀nyẹn. Ní ti àwọ̀, ó ní kí wọ́n lọ darapọ̀ mọ́ ẹjọ́ mìíràn tí àwọn òṣìṣẹ́ dúdú ti pè. Kò gbà pé wọ́n lè pa méjèèjì pọ̀ kí wọ́n fi ṣe ẹjọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ irun tún ńkọ́? Ní 1981, òṣìṣẹ́ American Airlines kan, obìnrin dúdú, gba ilé-ẹjọ́ lọ ní New York nítorí pé iléeṣẹ́ náà kò fẹ́ kí ó di irun wá síbi iṣẹ́. Adájọ́ ní a kì í bí irun dídì mọ́ ènìyàn bí àwọ̀, ó ṣeé tú. Ó tilẹ̀ mẹ́nu bà á pé òṣèré funfun kan ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di àṣà nínú sinimá. Ẹ gbọ́ o! Irun tí àwọn ìyá ti ń di fún ọmọ ní ilẹ̀ Áfíríkà kí sinimá tó dáyé, àwọn ṣùkú àti ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀ tiwa yìí!

Ní 1989, Kimberlé Crenshaw, obìnrin dúdú tí ó jẹ́ olùkọ́ òfin, fi oríta ṣàpèjúwe ọ̀rọ̀ náà: ọkọ̀ lè ti ọ̀nà kan gbá ẹni tí ó dúró ní oríta, ó sì lè jẹ́ láti ọ̀nà gbogbo.

Àwọn kan yóò ní, Ursula Burns ńkọ́? Òótọ́ ni. Ní 1980 ni ó wọ Xerox gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ṣẹ́. Ní 2009 ó di ọ̀gá àgbà níbẹ̀, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ó darí ọ̀kan nínú 500 iléeṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ọdún 45 ti kọjá lórí òfin 1964 kí ẹni àkọ́kọ́ yìí tó dé, igi kan kì í sì í dá igbó ṣe.

Ìyípadà ti ń bá ọ̀rọ̀ náà. Ní 1980, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan gbà pé a lè fi ìyà jẹ obìnrin dúdú kí a má fi jẹ obìnrin funfun tàbí ọkùnrin dúdú. Ní 2019, ìpínlẹ̀ California ṣòfin pé irun dídì tàbí dàda kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì tẹ̀lé e.

Ìbéèrè tí ó kù fún àwọn olùjíròrò wa ni èyí: iléeṣẹ́ tí ń ka iye ọdún tí òṣìṣẹ́ lò nínú ilé, ǹjẹ́ kò yẹ kí ó ka iye ọdún tí òun fi tì í mọ́ta pẹ̀lú?