Softwood àti Hardwood: Èwo Ni Ká Dà Sínú Sítóòfù?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìdílé wa sọ ní Swords)

Ọ̀rọ̀ tòní kò gùn, ṣùgbọ́n ó kan owó tó wà lápò wa, ó sì kan ẹ̀mí àwọn ọmọ wa.

Láti ọdún 2006 títí di 2011, ìjọba Ireland fún àwọn onílé lówó ìrànwọ́ lábẹ́ ètò Greener Homes, kí wọ́n lè fi sítóòfù àti bọ́ílà tó ń jó pẹ́lẹ́ẹ̀tì igi sílé. Ìdí nìyí tí ẹlòmíràn fi ń gba ilé lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù, tí á wọlé tán, tí á wá rí i pé kì í ṣe gáàsì, kì í ṣe kẹ́rósíìnì. Àpótí irin kan ló wà ní pálọ̀, tó ń jẹ igi wínníwínní bí oúnjẹ adìẹ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ. Ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó bá àpò méjì: wọ́n kọ softwood sára ọ̀kan, wọ́n kọ hardwood sára èkejì, hardwood sì wọ́n jù. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní, "Ra èyí tó le, jàre. Igi líle ló ń pẹ́ nínú iná."

Tó bá jẹ́ pé ilé la wà ni, òótọ́ lọ̀rẹ́ yẹn sọ. Ẹni tó bá ti yan ẹja tàbí din gààrí rí mọ̀ pé igi ayín kì í ṣe ẹgbẹ́ igi àràbà. Ayín á di ẹyin iná, á sì pẹ́ kó tó kú. Àràbà ńkọ́? Fòò, ó ti di eérú.

Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn onígi níbí, orúkọ méjèèjì yìí kò wo líle tàbí rírọ̀ rárá. Igi tí ewé rẹ̀ fẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n ń pè ní hardwood, bí oak àti beech. Èyí tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́ ni softwood, bíi páìnì àti Sitka spruce, tó pọ̀ jù nínú igbó tí wọ́n gbìn ní Ireland. Tí a bá tẹ̀ lé òfin yẹn, àràbà wa tó rọ̀ gan-an, hardwood ni! Ẹ rí i pé orúkọ yẹn kò lè ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀.

Nǹkan míì tún wà. Lóòótọ́, ìtì oak wúwo ju ìtì spruce lọ bí wọ́n bá tóbi bákan náà. Ṣùgbọ́n pẹ́lẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ìtì. Èérún igi láti sọ́mìlì ni wọ́n ń lọ̀ kúnná, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ gba inú ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 6. Ooru ẹ̀rọ náà ló ń yọ́ ohun tó wà nínú igi fúnra rẹ̀, tí á fi lẹ̀ pọ̀. Nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, spruce àti oak ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo bákan náà. Kódà, nínú kílò kan sí kílò kan, softwood ló sábà máa ń mú ooru díẹ̀ sí i wá, nítorí oje inú rẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn kéré. Kílò 2 pẹ́lẹ́ẹ̀tì tó dára, yálà softwood tàbí hardwood, ń ṣe iṣẹ́ tó sún mọ́ ti lítà kẹ́rósíìnì kan.

Kí wá ni ká wò lára àpò? Ẹ wo àmì ENplus, pẹ̀lú nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kí ẹ sì wo bóyá A1 ni wọ́n kọ síbẹ̀. A1 kò gbọdọ̀ ní omi ju ìdá 10 nínú 100 lọ, eérú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 0.7 nínú 100. Nínú àpò kílò 15, eérú yẹn jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 105. A2 lè dé 180. Ẹni tó ń kó eérú láràárọ̀ mọ ohun tí à ń wí. Eérú púpọ̀ a máa dí ihò afẹ́fẹ́, iná á máa kú, gíláàsì á dúdú. Hardwood sì sábà máa ń ní eérú ju softwood lọ.

Ẹ fọwọ́ gbọn ìsàlẹ̀ àpò náà wò. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ju horo kan sínú ife omi nílé: èyí tó dára á rì, kò ní léfòó.

Ní ti owó, ẹ má wo iye àpò, ẹ wo iye kílò. Ká ní àpò kílò 15 jẹ́ Yúrò 9, sẹ́ńtì 60 ni kílò kan. Bí àpò kílò 10 bá jẹ́ Yúrò 7, sẹ́ńtì 70 ni. Èyí tó jọ pé ó pọ́ọ́kú yẹn gan-an ló wọ́n. Ẹ ṣọ́ra fún àpò hardwood tí wọ́n fi ń sun ẹran níta. Òórùn dídùn lẹ ń sanwó fún níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ẹṣin náà, ẹ má dà á sínú sítóòfù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an rèé. Omi kò gbọdọ̀ kan pẹ́lẹ́ẹ̀tì, torí á wú bíi gààrí, á sì fọ́. Ìyẹn ló ń mú kí àwọn kan kó o sábẹ́ àtẹ̀gùn tàbí sí yàrá ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Pẹ́lẹ́ẹ̀tì tó pọ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti wọlé a máa tú gáàsì carbon monoxide jáde láìsí iná kankan, páìnì tuntun ló sì burú jù. Gáàsì yìí kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2006, ní èbúté Helsingborg ní Sweden, atukọ̀ kan bá a lọ nínú ọkọ̀ òkun tó kó pẹ́lẹ́ẹ̀tì. Àpò mélòó kan tẹ́ ẹ máa lò lọ́sẹ̀ yìí kò tó ti inú ọkọ̀ òkun, àmọ́ ẹ fi í síbi tó gbẹ, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, jìnnà sí ibi tí ènìyàn ń sùn.

Sítóòfù fúnra rẹ̀ lè tú gáàsì yìí sílé bí ihò èéfín bá dí. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí ara wọn sì ń yá bí wọ́n bá jáde síta, ẹ má sọ pé àárẹ̀ lásán ni. Ẹ kó ọmọ síta, ẹ pe 112 tàbí 999.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ilé rẹ́ǹtì, òfin ọdún 2019 sọ pé lánlọ́ọ̀dù ni kó rí sí i pé ohun tó ń mú ilé gbóná ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kó sì fi áláàmù carbon monoxide síbi tó bá yẹ. Ẹ fi lẹ́tà béèrè, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, Fingal County Council, tí ọ́fíìsì wọn wà ní Swords níbí, ló ń yẹ irú ilé bẹ́ẹ̀ wò. Ẹ̀rù kò yẹ kó bà yín. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Bí owó ìdáná bá ń wọ̀ yín lọ́rùn, ẹ béèrè Fuel Allowance lọ́wọ́ Department of Social Protection. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló tọ́ sí. Ẹni tí kò bá rí i gbà lè béèrè Additional Needs Payment, kódà bó bá ń ṣiṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré. Àwọn Citizens Information yóò ràn yín lọ́wọ́ láti kọ fọ́ọ̀mù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá sì ní àpò pẹ́lẹ́ẹ̀tì tí kò yé e, kó gé ibi tí wọ́n kọ̀wé sí lára ọ̀rá náà, kó mú un wá fún wa, a ó jọ kà á.