Ó Sanra, Owó Ti Dé?

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Igbókòdá, Ayétòrò àti gbogbo etíkun Ìlàjẹ, bí ọmọ wa bá ti Lọ́ńdọ̀nù dé tó rù díẹ̀, ìyá rẹ̀ á figbe ta: “Ṣé wọn kì í jẹun níbẹ̀ ni?” Bó bá sanra, a ó ní owó ti dé. Ọ̀pọ̀ àgbà Íńdíà àti Pakistan tó ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2013, àjọ NICE tó ń tọ́ àwọn dókítà ibẹ̀ sọ́nà ní kí wọ́n tètè máa ṣọ́ àtọ̀gbẹ lára àwọn ará Éṣíà àti aláwọ̀ dúdú: láti BMI (ìwọ̀n ara sí gíga èèyàn) 23, nígbà tó jẹ́ 25 fún òyìnbó. Ọ̀rọ̀ tiwa náà nìyẹn.

Àjẹ̀ la fi ń tukọ̀ láyé àtijọ́. Ẹ́ńjìnnì ló ń ṣe é báyìí, òkèlè púpurú ò sì tìtorí ẹ̀ kéré. Bí ara ṣe ń sanra sí i, ẹ̀jẹ̀ náà lè ru, ó sì lè pẹ́ lára kó má dunni rárá. Ẹ yá tápù télọ̀, ẹ wọn ikùn yín: 80 sẹ̀ntímítà fún obìnrin, 94 fún ọkùnrin. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yà sí ilé ìwòsàn kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ yín. Télọ̀ kì í sì í gbowó tápù.