Ọ̀dà Dídán Lára Férémù Àwòrán

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó jẹ́ pé àwòrán kan ṣoṣo ni ó kù lọ́wọ́ wa tí a fi ń rántí òbí wa. Férémù ni aṣọ àwòrán náà. Bí ó bá rí játijàti, ńṣe ni ó dàbí ẹni pé a fi àkísà wọ àgbà. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa bí a ti í kun férémù onígi títí yóò fi máa dán bíi dígí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tiwa. Nígbà tí ìyá wa papò dà, a fẹ́ kun férémù àwòrán rẹ̀ kí ọjọ́ ìrántí rẹ̀ tó pé. A da ọ̀dà lé e nípọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọjọ́ kejì, òkè rẹ̀ gbẹ, a sì fi àwòrán sínú rẹ̀; inú ọ̀dà kò tíì gbẹ. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí a fẹ́ yọ ọ́, etí àwòrán ti lẹ̀ mọ́ igi, ó sì ya. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Igi arère dára fún férémù, nítorí ó fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gbẹ́. Títí dé òkè òkun ni a ti ń lò ó fún iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ihò wẹ́wẹ́ pọ̀ lára rẹ̀, ọ̀dà a sì máa rì sínú wọn. Ìrókò ẹ̀wẹ̀, ohun tí ń bẹ nínú igi rẹ̀ lè mú kí ọ̀dà olóròóró pẹ́ kí ó tó gbẹ.

Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bébà oníyanrìn 120, lẹ́yìn náà 220. Máa fà á ní ipa ọ̀nà tí igi gbà hù, nítorí ọ̀dà dídán kì í bo àpá mọ́lẹ̀, ńṣe ni ó ń fi í hàn. Fi pọ́tì dí àwọn ihò náà. Nígbà tí ó bá gbẹ, tún ha á. Kun ọ̀dà ìpìlẹ̀, kí o sì fi bébà 320 fọwọ́ bà á jẹ́jẹ́.

Nígbànáà ni ọ̀dà dídán kàn. Kíyèsí i: ọ̀dà olóròóró kì í gbẹ bí omi ti í gbẹ. Afẹ́fẹ́ ni ó ń mú un le, láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀. Bí ó bá nípọn, òkè a di awọ, inú a sì wà ní tútù. Nítorí náà, kun ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Jẹ́ kí ó kéré tán ọjọ́ kan kọjá láàrin ìkùn kan àti èkejì, kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àkókò òjò. Kí o tó kun òmíràn, fi bébà 400 tí a rì bọ omi ha á, nu ún, kí o sì jẹ́ kí ó gbẹ. Kì í ṣe ọ̀pọ̀ ọ̀dà ni ó ń mú kí nǹkan dán. Ojú tí ó tẹ́jú ni ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà papọ̀, èyí tí ó rí gbágungbàgun a máa tú u ká.

Nígbà ọyẹ́, ṣe iṣẹ́ náà nínú yàrá tí a ti wọ́n omi sí ilẹ̀ rẹ̀, kí eruku má baà bà lé e. Bí ó bá jẹ́ férémù àtijọ́ tí a ti kùn rí, má ṣe ha á ní gbígbẹ, nítorí a máa ń fi òjé sínú ọ̀dà láyé àtijọ́, májèlé sì ni eruku rẹ̀, pàápàá fún ọmọdé. Má ṣe ká àkísà tí ó mu òróró ọ̀dà jọ. Ó lè gbiná fúnra rẹ̀. Tẹ́ ẹ sílẹ̀ níta kí ó gbẹ.

Ní ìkẹyìn, jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kí o tó fi àwòrán sí i, kí o sì fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín igi àti àwòrán.

Àwòrán ìyá wa ṣì wà lára ògiri wa. Férémù tuntun ti bo ibi tí ó ya, ṣùgbọ́n àwa mọ ibẹ̀. Kí irú rẹ̀ má baà ṣe yín ni a ṣe sọ ọ́.