Omi Galma Ń Ròkun

 

Òkun jìnnà sí wa ní Birnin Zazzau àti Sabon Gari. Kò sí ọ̀sà níbí, kò sí iyọ̀ nínú omi wa. Àmọ́ odò Galma ń ṣàn nítòsí. Níbo ló ń lọ? Ó ń lọ bá odò Kaduna. Kaduna ń lọ bá odò Ọya. Ọya ń lọ sókun. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí ìyẹn.

Lọ́hùn-ún lápá òkun, ní Mákòkó, létí ọ̀sà Èkó, àwọn Ègùn apẹja ti wà lórí ọkọ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan. Ó gbé apá kan àwọ̀n sí èjìká. Ó fi eyín di etí àwọ̀n náà mú. Ó yíra díẹ̀, ó jù ú. Àwọ̀n ṣí bí agboòrùn. Òjé etí rẹ̀ kan omi, ṣọ̀ọ̀!

Ó dúró. Kò tíì fà á. Kí ló ń dúró dè? Ó ń dúró kí òjé kan ilẹ̀. Bó bá yára fà á, ẹja á gba ìsàlẹ̀ sá lọ.

Ta ló kọ́ ọ ní sùúrù yẹn? Bóyá bàbá rẹ̀ ni. Ebi ń pa á, ọmọ ń dúró nílé, síbẹ̀ ó dúró.

Létí Galma wa náà, apẹja ti dé. Omi kan orúnkún rẹ̀. Ó ju àwọ̀n. Ó dákẹ́, ó ń wo omi.