Ilé-Asẹ́ Oníke: Ẹ Wo Géèjì Kí Ẹ Tó Ṣí Ìdérí
(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ kan sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa)



Ní ilé iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọ̀rẹ́ mi kan ṣí ìdérí ilé-asẹ́ tí omi sódà kọ́sítíìkì ń gbà kọjá. Wọ́n ti pa pọ́ǹpù, ó rò pé ó ti parí. Púrẹ́ṣọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Sódà fọ́n sí i lójú. Títí di òní, ojú òsì rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n ní àìfarabalẹ̀ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ilé-asẹ́ náà kò ní géèjì, kò sì ní fáàfù tí a fi ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Ta ni ó rà á bẹ́ẹ̀? Ohun tí mo wá sọ nìyí: àwa tí a ń ṣí i ni ó yẹ kí wọ́n bi kí wọ́n tó rà á.

Ẹ̀yin awakọ̀ mọ fílítà dísẹ́ẹ̀lì. Èyí fara jọ ọ́. Àpò aláṣọ wà nínú agolo ńlá. Omi á gba ara àpò jáde, ìdọ̀tí á kù sínú rẹ̀. Ike ni a fi ń ṣe agolo náà níbi tí ásíìdì, sódà tàbí omi iyọ̀ yóò ti jẹ irin. Polypropylene ni ike tí ó wọ́pọ̀ jù.

Bí ẹ bá fẹ́ yan èyí tí ó yẹ, ẹ kọ́kọ́ bèèrè irú omi tí yóò gbà á kọjá. Polypropylene ń gba sódà àti ọ̀pọ̀ ásíìdì, ṣùgbọ́n ásíìdì náítíríìkì tí ó le a máa bà á jẹ́. Ẹ wo òrùka rọ́bà abẹ́ ìdérí pẹ̀lú: EPDM dára fún sódà, ṣùgbọ́n òróró ẹ́ńjìnnì a máa mú un wú.

Ẹ bèèrè bí omi náà ṣe gbóná tó. Bí ooru bá ti ń pọ̀ ni púrẹ́ṣọ̀ tí ike lè gbà ń dínkù.

Ẹ wo bí àpò ṣe tóbi tó. Àwọn tí ó wọ́pọ̀ fẹ̀ ní nǹkan bí íǹṣì 7. Wọ́n gùn ní nǹkan bí íǹṣì 16 tàbí 32. Àpò kékeré a máa tètè dí, a ó sì máa ṣí i lemọ́lemọ́. Gbogbo ìgbà tí a bá ṣí i ni ewu wà.

Nígbà tí ẹ bá ń gbé e kalẹ̀, ẹ fi irin gbé páìpù dúró, kí ó má fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ rọ̀ mọ́ ike. Ẹ má gbé e sínú oòrùn. Omi ni kí ẹ fi dán an wò, kì í ṣe afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, nítorí ike tí afẹ́fẹ́ bá fọ́ a máa fò bí ọta ìbọn. Géèjì gbọ́dọ̀ wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀; bí ìyàtọ̀ wọn bá ń pọ̀ sí i, àpò ti ń dí nìyẹn.

Kí ẹ tó ṣí i: ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ ti fáàfù méjèèjì, ẹ tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ lókè, ẹ fa omi inú rẹ̀ jáde nísàlẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé géèjì nìkan, ó lè ti kú. Ẹ wọ awò ojú àti ìbọ̀wọ́.

Bí ọ̀gá bá ní kí ẹ yára, ẹ ní kí ó wá dúró tì yín. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ilé iṣẹ́ lè ra agolo mìíràn. Kò lè ra ojú mìíràn fún wa.