ÈÈPO ÀGBỌN KÌ Í ṢE PÀǸTÍ
Ọ̀rọ̀ sí àwọn ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ní kí n má sọ ọ́ ní gbangba ìpolongo. Wọ́n ní bí mo bá dárúkọ igbó, àwọn tó ń ṣe ìjọba yóò ní ẹgbẹ́ àwọn amugbó ni wá. Mo ní n óò sọ ọ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń kó lọ sẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀, ṣé wọ́n já bọ́ láti ojú ọ̀run ni? Ọmọ yín ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti òfin, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo tan òun. Ní 1966 ni ìjọba ológun ti ṣe òfin pé ẹni tó bá gbin igbó lè kú sí i, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 21. Wọ́n dẹ òfin náà ní 1975. Ní 1989 wọ́n dá àjọ NDLEA sílẹ̀, òfin tó dá a sílẹ̀ ló sì ń jẹ́ títí di òní: ẹ̀wọ̀n gbére ló kọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá gbìn ín. Òfin ìjọba àpapọ̀ ni. Gómìnà Èkó kan kò lè fọwọ́ kàn án. Olóògbé Rótìmí Akérédolú, nígbà tó jẹ́ gómìnà Oǹdó, rìn títí dé Thailand ní 2019 láti wo bí wọ́n ṣe ń fi igbó ṣe oògùn, ó padà dé, òfin wà níbi tó wà. Nítorí náà, bí olóṣèlú kan bá wá bá yín pé bí ẹ bá dìbò fún òun ẹ óò máa gbìn ín ní ìrọ̀rùn, irọ́ ló ń pa. Bó jẹ́ ẹgbẹ́ wa ló ti wá, irọ́ náà ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ayé ti dà. Láyé àtijọ́, inú ẹgàn kìjikìji ni wọ́n ti ń gbin nǹkan yìí. Lóde òní, inú yàrá ni àwọn kan ti ń gbìn ín. Kò sí ilẹ̀, kò sí ọkọ́. Èèpo àgbọn tí wọ́n lọ̀ kúnná ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀. Wọ́n á kó o sínú garawa, wọ́n á tan iná ńlá lé e lórí, pọ́ǹpù á fa omi tí wọ́n po ajílẹ̀ mọ́ láti inú táńkì, omi á máa ro sí ìdí irúgbìn, èyí tó bá ṣẹ́kù á ṣàn padà sínú táńkì, á sì tún máa yípo.

Ìmọ̀ yìí gan-an ni mo bá wá. Ìmọ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí àwọn ará Họ́lándì ṣe ń gbin tòmátò, ata àti kùkúḿbà nínú ilé onígíláàsì nìyẹn, láìjẹ́ kí gbòǹgbò wọn kan ilẹ̀. Ta ló wá nílò rẹ̀ ju àwa lọ? Gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó kò ju nǹkan bí 3,577 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, omi àti àbàtà sì gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ mọ̀ jù mí lọ bí oko bàbá yín ṣe ń di ẹ̀sítéètì.

Tòmátò tí à ń jẹ, láti òkè ọya ló ti ń wá sí Máìlì 12. Ní 2016 kòkòrò wọ oko tòmátò ní Kàdúná, wàhálà náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ibẹ̀ kéde pàjáwìrì. Ní 2021, lẹ́yìn ìjà Ṣáṣà n'Ìbàdàn, wọ́n dá ọkọ̀ oúnjẹ dúró lọ́nà. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ ò gbàgbé ohun tí àlùbọ́sà dà lọ́sẹ̀ náà.

Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é o. Èèpo àgbọn máa ń ní iyọ̀ nínú, pàápàá tó bá jẹ́ ti etí òkun. Ẹ ní láti rẹ ẹ́, kí ẹ fọ̀ ọ́ ní àfọ̀túnfọ̀, kí ẹ tún fi omi tí a po ajílẹ̀ kálísíọ̀mù mọ́ rẹ ẹ́. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, èèpo náà á máa já kálísíọ̀mù gbà mọ́ tòmátò lọ́wọ́, ìdí èso á máa dúdú, á máa jẹrà, ẹ óò sì máa fẹ̀sùn àjẹ́ kan ìyá onílé. Omi táńkì kò gbọdọ̀ kan jù, kò sì gbọdọ̀ ṣàìkan: láàárín 5.5 sí 6.5 ni kó wà lójú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ da omi náà nù kí ẹ po òmíràn, nítorí iyọ̀ á ti ga jù nínú rẹ̀. Bí gbòǹgbò kan bá sì jẹrà, ẹ tètè yọ ọ́, torí omi tó ń yípo á gbé àrùn náà dé gbogbo garawa, bí ìgbà tí ẹnì kan wúkọ́ nínú mólúè.

Ẹ̀yin ẹlẹ́ja Ìkòròdú, omi ìdọ̀tí ẹja àrọ̀ tí ẹ ń dà sí gọ́tà, oúnjẹ irúgbìn ló wà nínú rẹ̀. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò rí ló ń sọ ìgbẹ́ ẹja di ajílẹ̀. Ẹ̀fọ́ á jẹ ẹ́ nínú omi, omi tó mọ́ díẹ̀ á padà sọ́dọ̀ ẹja. Ìyẹn rọrùn ju kí á máa ra ajílẹ̀ òyìnbó lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tòmátò á ṣì nílò àfikún.

Wọ́n á ní, iná ńkọ́? Ọ̀rọ̀ dé bẹ̀! Ní Egbin, lágbègbè Ìjẹ̀dẹ́, Ìkòròdú wa níbí, ni ilé-iṣẹ́ iná tó lágbára 1,320 mẹ́gáwáàtì ti wà láti 1985. Ìjọba tà á fún àwọn aládàáni ní 2013. À ń gbọ́ ariwo rẹ̀, à ń tan fìtílà. Ní oṣù kẹrin 2024 wọ́n gbé owó iná àwọn tí wọ́n ń pè ní Band A láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 lórí yúnìtì kan. Ìpínlẹ̀ Èkó sì ti ní òfin iná tirẹ̀ láti 2024, àwáwí pé Àbújá ló ń dí wọn lọ́wọ́ ti tán. Ọ̀wọ́ kan náà ló jókòó sí Aláúṣá láti 1999.

Síbẹ̀, ẹni tó ń sá pamọ́ fún ọlọ́pàá ló nílò iná ńlá inú yàrá. Ẹlẹ́fọ̀ọ́ kò sá fún ẹnikẹ́ni. Oòrùn wà lọ́fẹ̀ẹ́. Nẹ́ẹ̀tì ni kó ta sókè, kó ra pọ́ǹpù kékeré tí iná rẹ̀ kò ju ti gílóòbù kan lọ, páànẹ́lì sólà kan á sì gbé e.

Ilé ìrẹsì Ìmọ̀tà tí wọ́n ṣí ní 2023, ohun rere ni, a kò ní bú u. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ńlá kan kò lè gba gbogbo ọmọ wa síṣẹ́. Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń wí ni pé kí wọ́n ta garawa, nẹ́ẹ̀tì, pọ́ǹpù àti sólà fún àwọn ọ̀dọ́ ní àwìn, kí wọ́n sì máa san án díẹ̀díẹ̀ nígbà ìkórè. Kí Pólì Ìkòròdú, tó di Yunifásítì ní 2022, máa kọ́ wọn, ẹni tí kò ní ìwé mẹ́wàá náà kó wọlé. Kí wọ́n ra èèpo àgbọn lọ́wọ́ àwọn ará Àgbádárìgì àti etí òkun wa, dípò tí wọ́n ń sun ún níná.

Bí àwọn olùdíje bá dé àdúgbò yín, tiwa àti tiwọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn jó kí wọ́n lọ. Ẹ bi wọ́n pé: èló lẹ yà sọ́tọ̀ fún èyí? Ọmọ mélòó ní wọ́ọ̀dù wa? Ta ni yóò tún pọ́ǹpù ṣe bó bá bàjẹ́? Kí ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé náà dání lọ́jọ́ ìdìbò.