A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìyọ̀ǹda Aláìsàn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo lọ́kàn mi. Ó jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ láàrin oníṣègùn àti aláìsàn kí a tó gbé abẹ lé ara rẹ̀, kí a tó gún un ní abẹ́rẹ́, tàbí kí a tó dán oògùn titun wò lára rẹ̀.

Àwọn baba wa ti fi gbólóhùn kan parí ọ̀ràn yìí kí ilé ìwòsàn òyìnbó tó dé ilẹ̀ wa. Wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Kò sí ẹni tí kò mọ òwe náà nínú wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: bí olórí bá jókòó níwájú onígbàjámọ̀, tí a sọ fún un pé a ó kàn gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ ni, tí a sì fá gbogbo rẹ̀ kodoro, ǹjẹ́ a kò fá orí náà lẹ́yìn olórí? Ara rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òye rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Èyí ni gbogbo ohun tí mo wá sọ: ìtẹ̀ka kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ìyọ̀ǹda ni pé kí ènìyàn mọ ohun tí a fẹ́ ṣe sí ara rẹ̀, kí ó mọ èrè rẹ̀ àti ewu rẹ̀, kí ó mọ̀ pé òun lè kọ̀, kí ó sì wá fi ẹnu ara rẹ̀ wí pé, “Mo gbà.”

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní àgbègbè Macon, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Níbẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ Tuskegee wà, èyí tí Booker T. Washington bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1881 fún àwọn ènìyàn dúdú. Ní ọdún 1932, àwọn oníṣègùn Ìjọba Amẹ́ríkà wá sí àgbègbè náà. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí àrùn sífílíìsì máa ń ṣe lára ènìyàn bí a kò bá tọ́jú rẹ̀ títí di ọjọ́ ikú. Ìbálòpọ̀ ni ó ń gbé àrùn náà kiri. Ó lè ba ọkàn jẹ́, ó lè fọ́ ènìyàn lójú, ó sì lè da orí rú. Wọ́n kó ọkùnrin dúdú 600 jọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbẹ̀ tálákà. Àwọn 399 ní àrùn náà. Àwọn 201 kò ní in.

Kí ni a sọ fún àwọn ọkùnrin wọ̀nyí? A kò sọ irú àrùn tí ó ń ṣe wọ́n fún wọn. A ní ẹ̀jẹ̀ wọn ni kò dára, àti pé ìjọba ń tọ́jú wọn lọ́fẹ̀ẹ́. A fún wọn ní oúnjẹ ní ọjọ́ àyẹ̀wò. A sì ṣèlérí owó ìsìnkú, bí àwọn ẹbí bá gbà kí a la òkú wọn wò. Nígbà tí àwọn oníṣègùn fẹ́ fi abẹ́rẹ́ fa omi láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn wọn, àyẹ̀wò lásán ni, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n kọ ránṣẹ́ pè é ní ìtọ́jú pàtàkì tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pàdánù. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe àwọn oníṣègùn ni ó fi àrùn náà sí wọn lára, bí àwọn kan ti ń rò. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni pé wọ́n mọ̀, wọn kò sọ. Oògùn dé, wọn kò fún wọn.

Nígbà tí ó fi di ọdún 1947, pẹnisílínì ti di oògùn tí a mọ̀ fún àrùn náà. Ní ọdún 1947 yìí kan náà, ní ìlú Nuremberg ní Jámánì, àwọn adájọ́ Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ àwọn oníṣègùn Jámánì tí wọ́n ti fi àwọn ẹlẹ́wọ̀n ṣe ìdánwò. Nínú ìdájọ́ náà wọ́n to ìlànà mẹ́wàá sílẹ̀, èyí àkọ́kọ́ sì ni pé a kò gbọdọ̀ dán nǹkan wò lára ènìyàn láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ fínnúfíndọ̀ gbà á. A sọ ọ́ ní Jámánì. A kò ṣe é ní Alabama. Fún ọdún 25 sí i ni àwọn ọkùnrin náà fi wà nínú òkùnkùn, títí ẹnì kan tí ó ti bá ilé iṣẹ́ ìjọba náà ṣiṣẹ́ rí fi tú àṣírí rẹ̀ fún àwọn oníwèé ìròyìn ní ọdún 1972. Nígbà náà, àrùn náà ti pa nínú wọn, ó sì ti ràn mọ́ àwọn aya kan, àní mọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n bí. Ní ọdún 1974, ìjọba gbà láti san mílíọ̀nù 10 dọ́là. Ní ọdún 1997 ni Ààrẹ Clinton sì tọrọ àforíjì ní orúkọ orílẹ̀-èdè náà.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ó gún mi bí ẹ̀gún. Ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí a ti kéde ètò náà fún àwọn ará oko? Nínú ilé ìjọsìn wọn ni, àti ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wọn. Ibi tí wọ́n ti máa ń gbọ́ òtítọ́ ni a ti fi irọ́ pè wọ́n.

Ẹnì kan nínú yín lè wí pé, “Bàbá, ọ̀nà Alabama jìn.” Kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí èmi náà ṣe.

Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ àlùfáà, arábìnrin kan nínú ìjọ mi ní kókó nínú ilé ọmọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó bí. Ó ń ta epo, kò mọ ìwé, kò sì gbọ́ èdè mìíràn ju Yorùbá lọ. Oníṣègùn tí yóò ṣe iṣẹ́ abẹ náà kì í ṣe ọmọ Yorùbá, nítorí náà ni a fi ní kí n wá ṣe ògbufọ̀. Oníṣègùn náà ṣe ojúṣe rẹ̀. Ó ní òun yóò yọ kókó náà, ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà tí kò dúró, òun lè ní láti yọ ilé ọmọ náà pẹ̀lú. Mo wo ojú obìnrin náà, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní, “Wọn ó yọ ohun tí ń yọ yín lẹ́nu, ẹ ó sì gbádùn.” Ó bi mí pé, “Ṣé mo ṣì lè bímọ?” Mo dá a lóhùn pé, “Ọlọ́run ni í fún ni lọ́mọ.” Ó tẹ̀ka sí ìwé náà.

Ẹ̀jẹ̀ dà, kò dúró. Oníṣègùn yọ ilé ọmọ náà, ó sì gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni ó gbọ́ òtítọ́ ní ilé ìwòsàn mìíràn. Ó wá bá mi ní ilé. Kò pariwo, kò sọkún. Ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ mọ̀?” Mo ní mo mọ̀. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, “Ká ní ẹ sọ fún mi, bóyá ǹ bá gbà náà. Ṣùgbọ́n èmi ni ǹ bá gbà á.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ènìyàn lè fi àánú ja ọmọnìkejì rẹ̀ lólè.

Òfin ilẹ̀ wa pàápàá ti sọ̀rọ̀ lórí èyí. Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí a fi ọwọ́ sí ní ọdún 2014, sọ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kẹtàlélógún pé kí olùtọ́jú jẹ́ kí aláìsàn mọ bí ara rẹ̀ ti rí, onírúurú àyẹ̀wò àti ìtọ́jú tí ó wà, èrè wọn, ewu wọn, àti iye tí yóò ná an. Kí ó sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀, àti ohun tí ó lè tẹ̀yìn kíkọ̀ náà wá. Òfin náà ní kí a sọ ọ́ ní èdè tí ó yé aláìsàn níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, kí a sì wo bí ó ti mọ ìwé sí.

Àwọn kan yóò wí pé, “Bí a bá sọ gbogbo ewu fún aláìsàn, ẹ̀rù ni yóò pa á.” Òfin náà mọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ó sì gbà kí a pa ipò ara aláìsàn mọ́ fún un, bí ẹ̀rí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ bá wà pé sísọ ọ́ yóò ṣe é ní ibi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni ó béèrè. Kò ní kí ojú àánú wa ṣe ìdájọ́ náà. Àwọn mìíràn yóò wí pé ọkọ tàbí olórí ẹbí ti fọwọ́ sí i. Ó dára kí a fi ọ̀ràn lọ ẹbí. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, òun ni ó ni ara rẹ̀. Ti ọmọdé wà lọ́wọ́ òbí rẹ̀. Bí ènìyàn bá sì dákú, tí ikú sún mọ́ ọn, kí oníṣègùn gba ẹ̀mí rẹ̀ là ná. Ẹnikẹ́ni kò ní dá a lẹ́bi pé kò dúró de ìtẹ̀ka.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí. Ẹ̀yin ni a máa ń pè láti ka ìwé fún ìyá àgbà, láti ṣe ògbufọ̀ fún aládùúgbò, láti di ọwọ́ bàbá arúgbó mú kí ó lè tẹ̀ka. Kí ẹ tó dì í mú, ẹ bèèrè fún un: Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Èrè wo ni ó wà níbẹ̀, ewu wo ni ó sì wà níbẹ̀? Ǹjẹ́ ọ̀nà mìíràn wà? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a kò bá ṣe é? Kí ẹ sọ èsì náà fún un bí ó ti rí, ẹ má bù ú kù, ẹ má fi adùn bò ó. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ní kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ fún yín. Bí kò bá lè tún un sọ, kò tí ì yé e. Bí kò bá sì tí ì yé e, ẹ má ṣe gbé ìka rẹ̀ sínú yíǹkì.

Èmi ti gbé ìka kan síbẹ̀ rí. Arábìnrin náà ti dárí jì mí, ó sì ṣì ń bá wa jọ́sìn títí di òní. Ṣùgbọ́n èmi kò gbàgbé. Òun ni ó ní kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí fún yín, nígbà tí mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ láti sọ ọ́. Nítorí orí rẹ̀ ni, a kò sì gbọdọ̀ tún fá a lẹ́yìn rẹ̀.